Ọwọ́ Tí Wọ́n Fi Òwú Dè

Inú mi ń dùn débi pé mi ò lè jókòó sójú kan. Àná ni mo lọ kó irun ní Ìfọ̀. Mo wọ mọ́tò lọ, mo wọ mọ́tò bọ̀, bẹ́ẹ̀ ṣọ́ọ̀bù onídìrí kún Mowe níbí fọ́fọ́. Òwú dúdú ni wọ́n fi kó o. Tẹ́ ẹ bá fara balẹ̀ wò ó, ẹ máa rí i pé òwú náà ò yí bó ṣe máa ń yí lórí ẹlòmíì. Ti gbogbo ayé ń yí sápá ọ̀tún, tèmi ń yí sápá òsì. Láti àárọ̀ ni mo ti ń fọwọ́ pa á, tí mò ń dá rẹ́rìn-ín, tí màmá mi sì ń wò mí bí ẹni tó ti gbé nǹkan jẹ.

Ẹni tó kó o, ọdún tí mo jáde sẹ́kọ́ńdìrì ni mo pàdé ẹ̀. Mò ń retí kí yunifásítì gbà mí, wọn ò gbà mí, màmá mi sì máa ń jáde lọ síbi iṣẹ́ ní Èkó kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó ní òun ò lè fi ọmọ sílẹ̀ nílé kó máa tẹ fóònù títí òun á fi dé. Bó ṣe mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù onídìrí kan ní Lotto nìyẹn, létí títì márosẹ̀, pé kí n máa kọ́ṣẹ́ lọ ná. Áǹtí la máa ń pe ọ̀gá tó ni ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ iṣẹ́ méjì ló ṣáájú mi níbẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ àbúrò Áǹtí fúnra ẹ̀. Ìkejì ni ẹni tí mò ń sọ yìí. Ọmọ Ìfọ̀ ni, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló ń gbé ní Ibafo. Torí pé ó jù mí lọ, Sìsítà ni mò ń pè é. Àwọn méjèèjì ti fẹ́ parí, ohun tó kù ò ju fíríìdọ̀mù lọ, ìyẹn ọjọ́ tí ọ̀gá máa gbàdúrà fún ọmọ iṣẹ́ lójú gbogbo èèyàn pé ó ti mọṣẹ́, kó máa lọ dá dúró.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí lára Sìsítà ni ọwọ́ òsì ẹ̀. Wọ́n fi òwú, òwú tá a fi ń kó irun gan-an, so ìka méjì pọ̀ níbẹ̀, ìfábẹ̀lá àti ìka àárín. Wọ́n yí i lé ara wọn títí ìka náà fi le gbagidi. Mo rò pé ó fara pa ni. Mo bi í bóyá ó ń dùn ún, ó ní rárá. Àbúrò Áǹtí tó ń gé àtáṣímẹ́ǹtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló dáhùn.

"Ìjánu ni," ó ní. "Ọlọ́wọ́ òsì ni. Tá ò bá so ó, á já."

Bí mo ṣe mọ̀ nìyẹn pé kò sí nǹkan tó ṣe ọwọ́ náà. Òun gan-an ni ọwọ́ tí Sìsítà ń lò. Ọ̀tún ẹ̀ ló ń ṣe bí àlejò: tó bá fi la irun, ìlà á wọ́, tó bá fi yí òwú, òwú á tú. Áǹtí ní àfi kó kọ́ ọ̀tún tipátipá, pé kò sí ẹni tó máa san owó kí wọ́n fi òsì gbá a lórí mú. Orí kì í ṣe ìdí, Áǹtí á wí. Tó bá ti wí bẹ́ẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Àwọn kọ́sítọ́mà náà ń sá fún un lóòótọ́. Obìnrin kan tó ń ta ẹja inú yìnyín lódìkejì títì wọlé lọ́jọ́ kan, kò tíì jókòó tó ti ń nàka sí Sìsítà, pé láti ọjọ́ tí ìyẹn ti fi òsì la irun òun, ọjà òun ò tà mọ́, ẹja òun ń rà. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń mi orí. Èmi ń rò ó nínú ara mi pé ọ̀sẹ̀ tí obìnrin yìí ń sọ, a ò rí iná rárá, omi tá a gbé sínú fíríìjì ò tiẹ̀ tutù. Ṣé ọwọ́ òsì ló wá lọ gé wáyà ni?

Sìsítà rọra fèsì pé ẹ jọ̀ọ́ mà, àwọn àgbà ló ní ọ̀tún ń wẹ òsì, òsì ń wẹ ọ̀tún. Àbúrò Áǹtí ò jẹ́ kó parí ẹ̀.

"Wíwẹ̀ ni wọ́n ní kó wẹ̀," ó ní. "Wọn ò ní kó dirun."

Ẹ̀rín gba ṣọ́ọ̀bù kan. Sìsítà mú ìgbálẹ̀, ó tún ń gbá ilẹ̀ tó ti gbá tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí mo délé tí mo ròyìn fún màmá mi, mo rò pé á bá mi káàánú ọmọ ọlọ́mọ. Dípò bẹ́ẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó gbàdúrà gígùn kan, ó wá kìlọ̀ fún mi pé mi ò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọmọ yẹn fọwọ́ kan orí mi láéláé. Mo bi í pé kí ni òsì fi ṣe é. Ó ní òun ò sọ pé ó ṣe òun ní nǹkan, ṣùgbọ́n èèyàn kì í sùn kó gbàgbé orí ẹ̀ sọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀. Mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ìfura tó kó bá mi yẹn, ibòmíì ni mo darí ẹ̀ sí.

Torí pé nǹkan kan ń kọ mí lóminú ní ṣọ́ọ̀bù yẹn. Yàrá kékeré kan wà lẹ́yìn, níbi tá a máa ń kó táwẹ́ẹ̀lì sí. Tí èrò bá ti dín kù, Áǹtí á pe Sìsítà wọ ibẹ̀, wọ́n á tilẹ̀kùn. Mo rò pé ó ń bá a wí ni. Lọ́jọ́ kan mo fẹ́ mú táwẹ́ẹ̀lì, mo ti ilẹ̀kùn wọlé. Ẹ wò ó, Áǹtí fúnra ẹ̀ ló ń tú òwú yẹn kúrò lọ́wọ́ Sìsítà, ó ń tú u jẹ́jẹ́ bí ẹni ń tú ọmọ kúrò lẹ́yìn. Àwọn orí rọ́bà tò sórí tábìlì, wíìgì wà lórí wọn, ó kù díẹ̀ kí wọ́n rán an tán. Sìsítà mú abẹ́rẹ́ sọ́wọ́ òsì, ọwọ́ náà sì ń lọ ń bọ̀ bí ẹ̀rọ ìránṣọ, tí ojú ò lè bá a.

Wíìgì yẹn ni Áǹtí ń tà fáwọn èèyàn ńlá ńlá, tó ń tà á fún àwọn ìyàwó pásítọ̀. Ó ń sọ fún wọn pé òun lòun ṣe é. Obìnrin ẹlẹ́ja yẹn náà ní ọ̀kan, ó máa ń dé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Orí rọ́bà ò kọ òsì. Orí ẹlẹ́ja náà ò kọ òsì, tí kò bá ṣáà ti sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń rán an.

Látìgbà yẹn ni mo ti ń fura sí Áǹtí. Tí Sìsítà bá ṣe fíríìdọ̀mù, ta ló kù tó máa rán wíìgì?

Ọjọ́ kan tí Áǹtí lọ ra ọjà ní Àgbàdo, tí àbúrò ẹ̀ náà jáde lọ ra oúnjẹ, mo lọ jókòó sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ Sìsítà, mo kẹ́yìn sí i. Mo ní kó kó irun mi. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn ẹ̀ ti yí padà.

"Ta ló rán ẹ?"

Mo ní kò sẹ́ni tó rán mi.

"Áǹtí ló ní kóo wá dán mi wò, àbí?"

Kò gbà mí gbọ́. Ó dìde lọ wo ojú títì, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wo ẹ̀yìn ilé pàápàá. Ẹni tí wọ́n ti so fún ìgbà pípẹ́, tẹ́ ẹ bá ní ẹ fẹ́ tú u, á kọ́kọ́ wá okùn tẹ́ ẹ fi pamọ́ sẹ́yìn. Èmi ni mo fi ẹnu já òwú ìka ẹ̀. Nígbà tó wá gbé ọwọ́ lé mi lórí, ọwọ́ yẹn fúyẹ́ débi tí oorun fi ń gbé mi. Kò fà mí lórí rárá, èmi tó jẹ́ pé láti kékeré ni mo ti máa ń sunkún tí wọ́n bá ń dirun fún mi.

Nírọ̀lẹ́, màmá mi di ọ̀kan nínú àwọn ìdì irun náà mú, ó ń fọwọ́ tọ ipasẹ̀ òwú. Ó bi mí pé ta ló kó o. Mi ò purọ́ fún un. Ó ní ká tètè tú u. Ó tú ọ̀kan, ó wo ìyókù bó ṣe dára tó, kò lè tẹ̀ síwájú. Ó gbàdúrà sí àwọn tó kù, ó sì fúnra ẹ̀ kó ọ̀kan tó tú yẹn padà. Títí irun náà fi gbó, ọ̀kan yẹn nìkan ló ń dá dúró gan-n-gan bí ìwo.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Áǹtí ra mínírà tútù fún mi láàárọ̀ kùtù. Kò ra nǹkan fún mi rí. Mo ní áà, kí lèyí. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún mi pé Ìyá Ẹgbẹ́ ń bọ̀ wá dán àwọn méjèèjì wò. Ìyá Ẹgbẹ́ ni olórí àwọn onídìrí lágbègbè wa, ọmọ onílẹ̀ ní Ibafo ni, kò sì sí ọmọ iṣẹ́ tó máa ṣe fíríìdọ̀mù lọ́dọ̀ wa tí kò ní kọ́kọ́ kó irun sí orí ẹ̀. Orí tiẹ̀ gan-an ni ìdánwò. Tí ọmọ iṣẹ́ bá jẹ́ méjì, wọ́n á la orí náà láàárín, olúkúlùkù á mú ẹ̀gbẹ́ kan. Áǹtí ní èmi ni màá gbé abọ́ òwú. Ó ní tí mo bá ti rí i pé Sìsítà fẹ́ lo òsì, kí n wúkọ́, kí òun lè tètè pè é sẹ́yìn kó tó dójú ti gbogbo wa.

Ó ní torí ire ẹ̀ ni. Mo mu mínírà yẹn o, mi ò lè parọ́, ṣùgbọ́n mo ń fura láti ẹnu mi títí dé ikùn.

Ọ̀sán ni Ìyá Ẹgbẹ́ dé. Obìnrin gbọ̀ngbọ̀nràn kan ni, tí kì í kánjú sọ̀rọ̀. Gbogbo wa kúnlẹ̀ kí i. Nígbà tó máa jókòó, ó ṣí wíìgì orí ẹ̀, ó gbé e kọ́ orí rọ́bà kan. Mo wo wíìgì náà lẹ́ẹ̀kan, mo mọ̀ ọ́n. Mo wo ìka Sìsítà, wọ́n ti tú òwú ibẹ̀ láti àárọ̀. Ẹni tí kò ṣe nǹkan burúkú, kí ló ń kó pamọ́ fún àlejò?

Ìyá Ẹgbẹ́ kọjú sí dígí ńlá tó wà lára ògiri. Ó ní òun gbọ́ pé ẹnì kan ń lo òsì nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, òun ò ní béèrè, òun á fi ojú ara òun rí i. Mi ò mọ ẹni tó sọ fún un. Mo fura sí ẹlẹ́ja.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Àbúrò Áǹtí mú ẹ̀gbẹ́ kan, ọwọ́ ẹ̀ ń yá. Sìsítà mú ẹ̀gbẹ́ kejì, ọ̀tún ló fi bẹ̀rẹ̀. Òwú tú. Ó tún un kó, ó tún tú. Ó fa irun kan, Ìyá Ẹgbẹ́ pòṣé, ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Òógùn bo ọrùn Sìsítà. Mo rí i pé tó bá ń bá a lọ báyìí, fíríìdọ̀mù ẹ̀ ti lọ, á padà sínú yàrá táwẹ́ẹ̀lì, orí rọ́bà á sì máa dúró dè é. Mo tẹ̀ síwájú bí ẹni fẹ́ na òwú sí i. Ọwọ́ òsì ẹ̀ ni mo fi òwú náà lé.

"Sìsítà," mo sọ sí i létí, "ẹ lo ọwọ́ yín."

Ó wò mí bíi pé mo fẹ́ tì í sódò. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ yẹn gbéra. Áǹtí tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ń wò mí, ó ń retí ikọ́. Ẹ wá wo wàhálà, ọ̀fun mi bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi lóòótọ́! Mo gbé itọ́ mì, mo tún gbé e mì, omi bọ́ lójú mi, mi ò wúkọ́.

Wọ́n kó o tán. Ìyá Ẹgbẹ́ yí orí síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń jókòó fún àwọn ọmọ iṣẹ́, orí òun ò dọ́gba báyìí rí, pé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ń kí ara wọn. Inú mi ti fẹ́ dùn. Ó wá nàka sínú dígí.

"Ṣùgbọ́n mo ti rí ọlọ́wọ́ òsì yín," ó ní. "Ìwọ. O ò tíì lọ síbì kan."

Àbúrò Áǹtí ló ń nàka sí. Ó wá yí ìka sí Sìsítà, ó ní èyí ló mọ nǹkan tó ń ṣe, ọ̀tún tiẹ̀ tutù bí omi àmù.

Àbúrò Áǹtí la ẹnu, omi ti ń dà lójú ẹ̀. Áǹtí há sáàárín méjì: tó bá jẹ́wọ́, wọ́n á bi í pé kí ló dé tó ń fi ọlọ́wọ́ òsì pamọ́, tó bá dákẹ́, àbúrò ẹ̀ ló máa fìdí rẹmi yìí. Sìsítà tẹrí ba. Mo mọ̀ pé tí mo bá panu mọ́, ó ti yege nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀tún tí kò lò ló máa yege, kì í ṣe ọwọ́ ẹ̀. Lọ́la, wọ́n á tún so ó. Ẹnìkejì á sì máa jìyà ohun tí kò ṣe, ohun tí kì í tiẹ̀ ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rárá.

Mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú abọ́ òwú lọ́wọ́.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, dígí lẹ ń wò. Òsì ló ń dà bí ọ̀tún nínú ẹ̀. Ọwọ́ tẹ́ ẹ ní ó tutù yẹn, òsì ni."

Àwọn tírélà ń kọjá lójú títì, ilẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀. Ìyá Ẹgbẹ́ wò mí títí, ó ní ṣé ńṣe la pe òun wá ká lè fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ó yí àga ẹ̀ padà, ó kẹ́yìn sí dígí, ó ní kí wọ́n na ọwọ́ tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ sókè. Àbúrò Áǹtí na ọ̀tún. Sìsítà pẹ́ díẹ̀ kó tó na òsì. Ojú ibi tí òwú ti jẹ ẹ́ ṣì wà níbẹ̀, ó yí ìka ẹ̀ ká bí òrùka. Ìyá Ẹgbẹ́ di ọwọ́ náà mú, ó béèrè ohun tó ṣe é. Áǹtí ń wo ilẹ̀.

"Òwú ni, mà," mo ní. "Wíìgì tẹ́ ẹ dé wá lónìí, ọwọ́ yẹn náà ló rán an."

Sìsítà ò jẹ́ kí n máa bá a lọ. Ó kúnlẹ̀, ohùn ẹ̀ kéré.

"Ṣé kí n tú irun náà, mà?"

Ìyá Ẹgbẹ́ tún yí padà sí dígí. Ó ní kí wọ́n gbé dígí kékeré fún òun, ó fi wo ẹ̀yìn orí. Ìgbà yẹn lèmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i dáadáa. Ní ẹ̀gbẹ́ kan, òwú ń yí sọ́tùn-ún. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ń yí sósì. Wọ́n kọjú síra wọn bí ewé méjì lórí ẹ̀ka kan. Tó bá jẹ́ pé ọ̀tún méjì ló kó o, ńṣe ni apá kan ì bá máa lé ìkejì lọ. Ó fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ kan, ó fọwọ́ kan ìkejì. Mi ò lè mọ ohun tó wà nínú ẹ̀.

"Mo ní ìpàdé n'Ibafo lọ́la," ó ní níkẹyìn. "Mi ò ráyè tú nǹkankan."

Ó dìde, ó gbé wíìgì ẹ̀ sínú báàgì, kò dé e. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó sọ fún Áǹtí pé àwọn méjèèjì yege, àti pé tí òun bá tún rí òwú lára ìka ọmọ ọlọ́mọ, Áǹtí fúnra ẹ̀ ló máa wá jókòó fún ìdánwò.

Mi ò gbà á gbọ́ títí ọjọ́ fíríìdọ̀mù. Mo rò pé wọ́n á yí ọ̀rọ̀ padà, pé Áǹtí á wá nǹkan míì sọ. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ń sọ ọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀, mo rí wọn. Lọ́jọ́ náà, Ìyá Ẹgbẹ́ gbé sísọ́ọ̀sì àti kóòmù dání, kó fi lé Sìsítà lọ́wọ́ lẹ́yìn àdúrà. Sìsítà na ọ̀tún, bí wọ́n ṣe kọ́ gbogbo wa. Ìyá Ẹgbẹ́ ò jọ̀wọ́ wọn fún un.

"Èkejì ńkọ́?" ó ní.

Sìsítà na méjèèjì. Èmi ni mo kọ́kọ́ pariwo. Wọ́n ní kí n dákẹ́, mi ò dákẹ́.

Ó ti ní ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ ní Ìfọ̀ báyìí, kékeré kan tó dojú kọ títì, tí ẹni tó ń kọjá lè máa wo ọwọ́ ẹ̀. Lánàá, bó ṣe ń kó irun yìí fún mi, obìnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ọwọ́ ẹ̀, ó lọ. Ó tún padà, ó yọjú. Sìsítà ní kó wọlé, kó fìdí kalẹ̀ ná. Ó jókòó sí etí àga, báàgì ẹ̀ wà láyà bí ẹni tó fẹ́ sá. Èmi ló ń bá sọ̀rọ̀, kò bá Sìsítà sọ̀rọ̀. Ó bi mí bóyá ó ń dùn mí. Mo ní rárá. Ó ní ṣé orí kì í fọ́ mi tí wọ́n bá kó o tán. Mo ní kì í fọ́ mi. Ó ní ọjọ́ wo ni mo ti kó o lọ́dọ̀ ẹ̀ kẹ́yìn, ṣé nǹkan mi sì ń lọ déédéé. Mo ní yunifásítì ti gbà mí wọlé, ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo gbọ́. Ó wò mí bíi pé wọ́n sanwó fún mi kí n lè sọ bẹ́ẹ̀.

Ó tú gèlè ẹ̀ díẹ̀, ó fọwọ́ kan irun abẹ́ ẹ̀. Ó tún un wé. Ó ní òun kàn ń kọjá ni, òun ń lọ sọ́jà.

Sìsítà kí i pé ó dàbọ̀, ó mú òwú míì sọ́wọ́ òsì. Èmi ń wo obìnrin náà bó ṣe ń sọdá títì, tó ń bojú wẹ̀yìn. Mo fura pé ó máa padà wá.